Orúkọ Tí 'Malineo Kò Kọ

Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló kọjá níwájú 'Malineo láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Orúkọ mẹ́ta ló wà nínú ìwé rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Selloane tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó fi ìka tẹ ojú rẹ̀. Ìwé ọmọléèwé ni. Èmi fúnra mi ni mo fún 'Malineo lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú bírò kan, mo ní kó máa kọ orúkọ ẹgbẹ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti àkókò tí wọ́n dé. Ó kọ ọ́ dáadáa. Phokojoe, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Tšoene, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Lẹ́yìn èyí, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, àmọ́ kò sí orúkọ kankan níwájú rẹ̀. Nkoe ló gbẹ̀yìn, ìyẹn ẹgbẹ́ Lefa, àbúrò mi.

"Àwọn wo ló kọjá ní mẹ́wàá ku ogún?" Sájẹ́ǹtì bi mí.

Mo ní ó ní láti jẹ́ ẹgbẹ́ Tau, torí àwọn nìkan ló ṣẹ́kù.

"Kí ló dé tí kò kọ wọ́n?"

Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ sì ni, n kò mọ̀. Láti àná ni ara mi ti kú. Wọ́n ń bi mí léèrè, mo ń dáhùn, bí ẹni tó ń ka ìwé fún ẹlòmíì. N kò tíì sunkún. Àwọn èèyàn ń wò mí, wọ́n ń retí ẹkún náà, kò wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn, a kó ọ̀dọ́ mẹ́jọ jọ sí Ha Lekena, ìletò wa, láti kọ́ wọn níṣẹ́ òkè: bí a ṣe ń ka máàpù, bí a ṣe ń so okùn mọ́ àpáta, bí a ṣe ń sọdá odò tó kún, bí a ṣe ń di egungun tó bá kán. Èmi ni olùkọ́ máàpù. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wà ní South Africa tí mo ń ṣe iṣẹ́ yẹn kí n tó padà wálé. Lọ́jọ́ Àìkú, a ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ́ sá eré ìdíje yí òkè ká, méjì méjì. Eré ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni, kúbùsù méjì péré ni ẹ̀bùn. Orúkọ ẹranko la fi sọ àwọn ẹgbẹ́ náà: kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ọ̀bọ, kìnnìún, àmọ̀tẹ́kùn. Phokojoe, Tšoene, Tau, Nkoe nìyẹn.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni Lefa já bọ́ láti orí àpáta, lẹ́nu ihò tí à ń pè ní Lehaha-la-Tau, Ihò Kìnnìún. Itan rẹ̀ kán. Tlali tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ fi kúbùsù bò ó, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá 'Malineo ní ibùdó rẹ̀, torí ibẹ̀ ni rédíò tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ wà. Ìyàwó Lefa ni 'Malineo. Ó pè mí ní àgọ́. Èmi ni mo gbọ́ ọ. Mo kó ọkùnrin mẹ́fà, a gba Sebateng lọ, lẹ́yìn òkè kejì. A kò bá ẹnì kankan níbẹ̀. A wá a títí, ó di ìgbà tí Tlali fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wa kàn. Ìgbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ Lefa, aago méjì ọ̀sán ti kọjá, yìnyín ti bo kúbùsù tó wà lára rẹ̀, ó sì ti kú. Nọ́ọ̀sì tó wo òkú rẹ̀ ní ká ní a dé ibẹ̀ láàárín wákàtí kan ni, kì bá tí kú.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Rakhali, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, ti ń sọ ọ́ káàkiri ìletò pé ìyàwó ló pa ọkọ. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n jà, torí pé Lefa fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ kùsà, ìyàwó ní kó má lọ. Ó ní obìnrin tó mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ ṣubú sí, tó wá rán àwọn tó fẹ́ gbà á là lọ sí ẹ̀yìn òkè, kí la fẹ́ pè é? Wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí ìlú pé kí ọkọ̀ ọlọ́pàá wá gbé 'Malineo. Aago méjìlá ọ̀sán ni ọkọ̀ náà máa dé. Tí wọ́n bá gbé e lọ, bóyá ló máa padà sílé ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà ṣe tiwa tàbí ti bàbá tó bí i.

'Malineo kò gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló sọ lórí rédíò, ó ní òun sọ ibi tí Lefa wà. Wọ́n ní ibo ni? Ó wolẹ̀. Wọ́n pariwo mọ́ ọn, ó ṣáà ń wolẹ̀ ni.

Sájẹ́ǹtì Selloane nìkan ni ọlọ́pàá tó wà nítòsí. Ẹ̀ka àwọn tó ń wá ẹran jíjí ló wà, ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń wo ojú ẹsẹ̀ màlúù kiri orí òkè. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, kò sì kánjú. Ó gba àwo likhobe lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé ìdáná, ó ń ju àgbàdo àti ẹ̀wà sísè náà sẹ́nu ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ pe Pule wá," ó ní.

Pule ló ṣáájú ẹgbẹ́ Tau. Inú mi dùn tó pè é, ẹ má dá mi lẹ́bi. Mo fẹ́ kó jẹ́ Pule. Lọ́jọ́ Sátidé, Lefa fi kókó tí Pule ta sídìí okùn rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, Pule sì bínú, ó ní àwọn yóò pàdé lórí òkè. Ṣé ó wá pàdé Lefa lórí òkè lóòótọ́? Ṣé ó tì í ni? Ṣé ó bẹ 'Malineo kó má kọ orúkọ ẹgbẹ́ òun, kó lè dà bí ẹni pé wọn kò gba ibẹ̀ kọjá? Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Sájẹ́ǹtì. Ó mi orí, ó ju ẹ̀wà kan sẹ́nu.

Pule wọlé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ oyè. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó búra pé òun kò tilẹ̀ rí Lefa láàárọ̀ yẹn. Sájẹ́ǹtì kò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó bi í bóyá 'Malineo rí wọn nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ó rí wa kẹ̀! Ó bu omi fún wa. Ó tún ní mo ń mí bí ẹṣin arúgbó."

"O rí i tó kọ̀wé?"

"Mo rí i tó kọ àkókò. Mo wá sọ fún un pé, kọ Tau síbẹ̀, kọ ọ́ gàdàgbà gadagba, torí àwa la máa gba kúbùsù. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ."

Ọwọ́ Sájẹ́ǹtì dúró lórí àwo. "Ó rẹ́rìn-ín báwo?"

Pule ronú. "Bí ẹni tí ojú ń tì."

Sájẹ́ǹtì ní kó máa lọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó na ìwé mìíràn sí mi, ìwé ti ibùdó tó tẹ̀ lé ti 'Malineo, ní òdìkejì odò. Wọ́n ti kọ Tau síbẹ̀ ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Láti ibẹ̀ dé ihò tí Lefa já bọ́ sí, ẹṣin gan-an kò lè sá a ní ogójì ìṣẹ́jú.

"Kì í ṣe Pule," ó ní. "Pẹ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé o fẹ́ kó jẹ́ òun."

Mo wo ojú fèrèsé, yìnyín ti ń yọ́ lórí òrùlé ilé ìdáná, ó ń kán tó tó. Mo kàn ń ka bó ṣe ń kán.

Tlali ló kàn. Ojú rẹ̀ ti wú, òun kò dà bí èmi, òun ti sunkún tirẹ̀. Sájẹ́ǹtì ní kó sọ ohun tó sọ fún 'Malineo, kó má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ó fi 'M'e, ìyá, bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń pe obìnrin tó ti lọ́kọ.

"Mo ní, 'M'e, Lefa ti ṣubú ní Lehaha-la-Tau, itan rẹ̀ kán, pe àgọ́."

"Ó gbọ́ ọ yé?"

"Ó yé e. Ó nawọ́ sí ọ̀nà ihò yẹn gan-an, ó ní kí n tètè padà lọ bá ọkọ òun, pé òun á pè wọ́n."

"O dúró gbọ́ bó ṣe pè wọ́n?"

"Rárá, 'M'e. Mo ti sáré padà."

Nígbà tí Tlali jáde, Rakhali tó ti ń fetí kọ́ lẹ́nu ọ̀nà yọ orí wọlé, ó ní ṣé Sájẹ́ǹtì ti gbọ́ báyìí? Obìnrin náà mọ ibẹ̀, ó tún nawọ́ sí i. Kí la tún ń wá? Sájẹ́ǹtì dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun ṣì ń jẹun lọ́wọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó wá yíjú sí mi. Ó ní kí n mú ìwé tèmi wá, ìwé tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ orí rédíò sí ní àgọ́. Mo ṣí i fún un. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 'Malineo, ìjàǹbá, Sebateng.

"Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, 'M'e. Nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ntsane, màlúù dúdú àti màlúù tó jọ dúdú, màlúù méjì nìyẹn. Kí ló sọ?"

Mo jókòó. N kò mọ̀ pé mo ti dìde tẹ́lẹ̀. Mo ní rédíò náà ń hó, pé ohùn 'Malineo ń gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ní, "Abuti, Lefa ti ṣubú." Mo ní níbo? Ó ní, "Ní ihò." Mo ní ihò wo? Ó dákẹ́. Mo tún bi í, mo jágbe mọ́ ọn, mo ní ihò wo? Ó wá ní, "Lehaha la sebata." Ihò ẹranko búburú. Kò sí ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí máàpù, ṣùgbọ́n Sebateng wà lórí máàpù, ihò sì wà ní Sebateng. Mo ní, "Sebateng, mo ti gbọ́."

"Kí ló fèsì?"

"N kò dúró gbọ́. Mo ju rédíò sórí àpò, mo sáré jáde pẹ̀lú àwọn yòókù."

"Kò sí ẹni tó jókòó ti rédíò?"

"Kò sí."

Ó pa ìwé mi dé. Kò bínú, ì bá dẹ̀ dáa kó bínú. Ó gbé àwo rẹ̀, ó ní kí n tẹ̀ lé òun, kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kí n má dá sí ọ̀rọ̀.

'Malineo jókòó sílẹ̀ lórí awọ màlúù, kúbùsù rẹ̀ bò ó dé àgbọ̀n. Sájẹ́ǹtì lé àwọn obìnrin tó kù jáde, ó jókòó tì í, ó gbé àwo likhobe náà sáàárín àwọn méjèèjì. Kò bi í ní nǹkan kan nípa òkè. Ó bi í pé oṣù mélòó ló ti dé ilé ọkọ. 'Malineo ní oṣù méje. Sájẹ́ǹtì ní nígbà tí òun dé ilé ọkọ tòun, iyọ̀ kò ṣeé dárúkọ lẹ́nu òun fún ọdún mẹ́sàn-án, ohun tó ń mú ọbẹ̀ dùn ni òun ń pè é, títí tí bàbá ọkọ òun fi kú. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. 'Malineo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Sájẹ́ǹtì wá tọ́ka sí àpò ìyẹ̀fun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, èyí tí wọ́n ya orí kìnnìún ńlá sí lára.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n yà sára àpò yẹn?"

'Malineo wo àpò náà. Ó wo ilẹ̀.

"Ẹranko ni, 'M'e."

"Ẹranko wo?"

"Ẹranko búburú. Sebata."

Ọmọ ọdún méjì ní Ha Lekena mọ orúkọ ẹranko yẹn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, òtútù ń fẹ́ mi lẹ́yìn. Sájẹ́ǹtì kò wo 'Malineo mọ́, èmi ló ń wò.

"Ntsane. Kí ni orúkọ bàbá yín?"

"Ntate ni à ń pè wọ́n."

"Orúkọ tí bàbá tó bí wọn sọ wọ́n ni mò ń bi ọ́."

Mo la ẹnu, mo sì gbọ́ ohùn ara mi.

"Tau."

Ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ. Kì í pe ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà pẹ̀lú, kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Ta ni kò mọ èyí? Èmi ni n kò rántí. Ọdún mọ́kànlá láàárín àwọn tó ń pe òkè ní nọ́ńbà, mo padà wálé, mo fi ìyàwó àbúrò mi ṣọ́ ẹsẹ̀ àpáta tí ihò rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ bàbá mi, mo sì sọ ẹgbẹ́ kan ní Tau, torí pé ó dùn-ún pè.

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ẹran wọ ọgbà. Ó ní 'Malineo kò fi ẹgbẹ́ kankan pamọ́, orúkọ wọn ló wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi rẹ́rìn-ín ẹni tí ojú ń tì. Ó ní kò ṣi Tlali gbọ́, ó nawọ́ síbi tó tọ́, torí pé ọwọ́ kò ní èèwọ̀. Ó ní kò purọ́ lórí rédíò, ó pe ihò náà ní orúkọ tí ìyàwó ilé lè pè é, ẹni tó ń gbọ́ ọ sì jẹ́ ọmọ ilé.

"Ó gbàgbọ́ pé á yé ọ," ó ní. "Àbí ta ni ì bá tún yé?"

Mo rò pé nǹkan kan máa já nínú mi. Kò sí ohun tó já. Mo kàn sọ èyí tí n kò tíì sọ fún ẹnì kankan, pé nígbà tí mo ń sáré jáde, mo ṣì ń gbọ́ rédíò náà lẹ́yìn mi, tí ohùn rẹ̀ ń pè pé Abuti, rárá, Abuti. Mo rò pé ẹkún ló ń sun.

'Malineo kò wò mí. Ó ní, "Mo pè yín títí ọwọ́ mi fi kú."

A gbọ́ ìró ọkọ̀ ọlọ́pàá nísàlẹ̀ ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì mú ìwé rẹ̀ jáde. Ó ṣàlàyé fún 'Malineo pé àlàyé tòun àti tèmi kò lè dá ọkọ̀ yẹn padà, torí pé olúkúlùkù ló ń sọ tirẹ̀. Òfin fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀: orúkọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà, àti ìdí tí kò fi lè pè é. Kó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

'Malineo mi orí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ."

N kò bá a jiyàn, torí mo mọ ohun tó fà á. Nígbà tó pé oṣù méjì nílé wa, orúkọ yẹn ta jáde lẹ́nu rẹ̀ níbi tó ti ń pàlọ́ fún ọmọ aládùúgbò. Rakhali dá a padà sílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ló fi rìn, ó ní kó má padà láìfa àgùntàn lọ́wọ́. Ó padà wá pẹ̀lú àgùntàn. Gbogbo wa la jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́, mo sì lá ìka.

Mo lọ pe bàbá wa. Wọ́n jókòó sínú ilé láti àná, wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti 'Malineo àti tèmi, n kò fi tèmi pamọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan péré bóyá Lefa pẹ́ kó tó kú. Mo ní ó pẹ́. Wọ́n mú ọ̀pá wọn.

Nígbà tí a dé ilé ìdáná, àwọn ọlọ́pàá méjì ti wà níbẹ̀, Rakhali náà wà pẹ̀lú wọn. 'Malineo bo ojú rẹ̀ nígbà tó rí bàbá wa. Wọ́n ju ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ lásán, iwájú rẹ̀ gan-an, níbi tí n kò rí wọn jókòó sí rí.

"Ọmọ mi, pè é."

"N kò lè pè é, Ntate."

Rakhali ní, "Àbúrò mi, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Bàbá wa kò wo ẹ̀gbọ́n wọn. "Mo bí ọmọ méjì," wọ́n ní. "Ọ̀kan ti kú nítorí orúkọ mi. N kò fẹ́ kí orúkọ mi tún mú ọ lọ. Pè é."

Sájẹ́ǹtì ti mú bírò lọ́wọ́. Ó ní kí 'Malineo sọ ọ́ bí ì bá ṣe sọ ọ́ lórí rédíò, ká ní kò sí ìdènà.

'Malineo ṣí kúbùsù kúrò lójú. Èmi ló yíjú sí, kì í ṣe bàbá wa, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

"Abuti, Lefa ti ṣubú. Ó wà ní Lehaha-la-Tau. Ẹ tètè máa bọ̀."

Bàbá wa tẹ orí ba, bí ẹni tí wọ́n pè. "Mo ti gbọ́, ọmọ mi," wọ́n ní.

Sájẹ́ǹtì ń kọ̀wé. 'Malineo kò gbé ojú rẹ̀ kúrò lára mi, ó ń retí ìdáhùn. Mo la ẹnu láti sọ pé mo ti gbọ́, ẹkún ló jáde.